Comptroller kọ́ lẹ máa kọ̀wé sí, NYCHA ni

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìwé tẹ́ ẹ kọ sí Comptroller ìlú New York (ọ̀gá tó ń bójú tó owó ìlú) lórí àjà ilé NYCHA (àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìjọba tí wọ́n ń yá aráàlú gbé níbẹ̀) tó já lù yín ti ṣìnà. Méyọ̀ ló ń yan ìgbìmọ̀ NYCHA lóòótọ́ (ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn), àmọ́ NYCHA kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba ìlú. Òfin ìpínlẹ̀ ló gbé e dúró, orúkọ ara rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é lẹ́jọ́.

Ẹ kọ notice of claim (ìwé tó ń sọ pé ẹ fẹ́ gba owó lórí ohun tó ṣe yín) mìíràn sí NYCHA fúnra rẹ̀ kí 90 ọjọ́ tó pé sí ọjọ́ tó já: ọjọ́, aago, nọ́ńbà ilé, yàrá wo, ibo lẹ ti fara pa. Ẹ búra sí i níwájú notary (ẹni tí òfin fún láṣẹ láti gba ìbúra). Tí 90 ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ tètè bẹ ilé ẹjọ́ fún àyè láti fi ìwé náà ránṣẹ́ lẹ́yìn àkókò.

Ọ̀rọ̀ owó gbà-máà-bínú nìkan nìyẹn o. Tó bá jẹ́ pé kí wọ́n tún àjà ṣe lẹ fẹ́, Housing Court (ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ ilé gbígbé) ni kẹ́ ẹ lọ.