Sáfítì fáàfù kọ̀mpírẹ́sọ̀ lórí bọ́ílà rélùwéè kẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa kan níbí l'Óṣogbo ń tún lokó àtijọ́ kan (orí rélùwéè tó ń fa ọkọ̀) ṣe, ti ayé ìgbà èédú, a fẹ́ kó tún padà máa rìn. Sáfítì fáàfù méjèèjì, tó ń tú stíìmù dànù tó bá ti pọ̀ jù nínú bọ́ílà, ti dípẹtà, sípíríǹgì ọ̀kan ti kán. Ẹnì kan l'Ókè-Fìà ń ta ti kọ̀mpírẹ́sọ̀ afẹ́fẹ́, 180 psi (ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ tàbí stíìmù fi ń tì) ló wà lára ẹ̀, òun náà ló wà lára bọ́ílà wa. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á o. 180 yẹn kàn ń sọ ìgbà tó máa ṣí ni, kò sọ iye stíìmù tó lè tú dànù. Kọ̀mpírẹ́sọ̀, tẹ́ ẹ bá ti pa mọ́tò ẹ̀, ó parí, ṣùgbọ́n iná èédú ò ní swíìṣì, ẹ lè ti régúlétọ̀ (èyí tó ń jẹ́ kí stíìmù lọ sí ẹ́ńjìnnì) pa kí iná ṣì máa jó fòfò, fáàfù kékeré yẹn á ti ṣí, á máa pariwo, gééjì á ṣì máa gòkè. Bọ́ílà gbọ́dọ̀ ní fáàfù méjì ó kéré tán, tí iná bá le dé góńgó kí wọ́n lè tú stíìmù dànù débi tí gééjì ò ní fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kọjá, tiyín ò gbọ́dọ̀ ju 198 lọ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ti àtijọ́ yẹn wò ná. Tó bá jẹ́ òpó méjì tí sípíríǹgì kan wà láàárín wọn, Ramsbottom nìyẹn, ọdún 1855 ni John Ramsbottom gbé e jáde torí àwọn dírẹ́bà tó ń fún fáàfù pa kí lokó lè lágbára sí i (ìwà tiwa-n-tiwa, àbí?), ti èyí, tó o bá tẹ apá ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀kan, èkejì á ṣí. Tí kálukú bá dá dúró, tó ń ṣí gbàù lẹ́ẹ̀kan, pop ni. Ti pop ní ètè kan tó yí ìjókòó ẹ̀ (ibi tí fáàfù ń jókòó lé tó bá pa dé) ká, ẹ má jẹ́ kí ọmọ léètì, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yí irin gé, gé e kúrò pé òun ń dán an o, ètè yẹn ni stíìmù ń tì tó fi ń ṣí tán, láìsí i á kàn máa ṣe ṣìì ni.

Tí bọ́dì ò bá tíì sán, ẹ fi grinding paste (ọ̀rá tó ní iyanrìn kíkúnná nínú) lọ ìjókòó ẹ̀, ẹ tún un lò. Tó bá ti sán, gunmetal (bàbà tí wọ́n pò mọ́ tin) ni kẹ́ ẹ fi rọ òmíràn, kì í ṣe bráàsì ẹ̀rọ omi, stíìmù gbígbóná máa ń fa zinc inú ẹ̀ jáde, á sì di ẹlẹgẹ́. Ìlú tí ilé iṣẹ́ Machine Tools wà ò lè ṣàìní ẹni tó mọ léètì lò. Sípíríǹgì nìkan ni kẹ́ ẹ má fi ti mọ́tò dí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe sípíríǹgì ṣe é sí ìwọ̀n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra odindi, àwọn tó ń ṣe é fún rélùwéè àtijọ́ ṣì wà ní Ìlú Ọba, àmọ́ psi nìkan ò tó, ẹ fi fífẹ̀ ibi tí èédú ń jó ránṣẹ́, àti fífẹ̀ ìjókòó fáàfù, àti irú sùréèdì ẹ̀, Whitworth (irú sùréèdì àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì) ló sábà máa ń wà lára ẹrù Gẹ̀ẹ́sì. Tí lokó yín bá jẹ́ River class, irú kan lára lokó stíìmù rélùwéè Nàìjíríà, ara ẹ̀ ni wọ́n ti mú lokó class 29 ti rélùwéè East Africa, ọ̀kan wà ní míúsíọ̀mù rélùwéè Nairobi, ẹ béèrè dírọ́ìn lọ́wọ́ wọn.

Stíìmù gan-an ni kẹ́ ẹ fi sẹ́ẹ̀tì wọn, pẹ̀lú gééjì tí wọ́n ti yẹ̀ wò, kí inspẹ́kítọ̀ bọ́ílà sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní 180, èkejì lè ṣáájú ẹ̀ díẹ̀ ní 177. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ fi òjé sé e, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi sípánà yí i.