Kí ẹ tó kó àwọn wallaby yẹn lọ sí igbó

Àbúrò mi, o ní kí ni kí o máa fún àwọn bridled nailtail wallaby, ẹranko kékeré tó jọ kangaroo, tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn, jẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá kó wọn kúrò nínú ọgbà ìbísí lọ sí igbó ní Queensland, ní Australia níbẹ̀. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi ló pa tèmi. Bí a ṣe mú wọn ló pa wọ́n.

Ọ̀gá wa ti háyà ọkọ̀, ó sì ti pe àwọn tó máa ya fọ́tò. Ọ̀sán gangan ló ní ká wọ inú ọgbà lọ lé wọn. Mo ní ká jẹ́ kó di alẹ́. Wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé ètò ni kí n ṣe. A lé wọn yíká bí ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀kan forí sọ wáyà. Ẹ̀rù ba ìyá kan débi pé ọmọ inú àpò rẹ̀ já bọ́, ọmọ tí kò tíì hu irun. Ìgbà tí a fi máa rí i, ó ti kú. Àwọn yòókù ń jẹun nígbà tí a tú wọn sílẹ̀, inú gbogbo èèyàn dùn. Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mẹ́rin nínú wọn ti gan, wọn kò lè dìde mọ́, ìtọ̀ wọn dúdú. Iṣan tó bá sá eré àsápajúdé nínú ìpayà máa ń bàjẹ́, ohun tó ń jáde lára rẹ̀ á wọ inú ẹ̀jẹ̀, á sì ba kíndìnrín jẹ́. Bó bá ti dé ibẹ̀, dókítà ẹranko ò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ṣe. Nínú ìròyìn tí wọ́n kọ, "àìsàn tí a kò mọ̀" ni wọ́n pè é. Wọ́n mọ̀ ọ́n!

Páńpẹ́ aláṣọ tó rọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ máa gbé oúnjẹ sínú rẹ̀ ní alẹ́ mélòó kan ṣáájú, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kó mọ́ wọn lára. Èyí tó bá kó sí i, inú àpò aṣọ tó ṣókùnkùn ni kó bọ́ sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òkùnkùn máa ń fọkàn wọn balẹ̀. Ẹ wo àpò ikùn rẹ̀. Bí ọmọ bá wà níbẹ̀, ẹ lẹ téèpù mọ́ ẹnu àpò náà. Ẹ ta aṣọ mọ́ wáyà ọgbà kí wọ́n lè rí i. Ìwọ̀n wíwọ̀n àti àmì etí, wọ́n á kọ́ ọ.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oyè ìwé pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Ẹranko tí wọ́n ti rò pé ó tán pátápátá láti 1937 ni, òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ọgbà wáyà nítòsí ìlú Dingo ló sì tún rí i ní 1973, torí pé ó ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n kankan.

Ológbò tó ti di ẹranko igbó ńkọ́? Bí ẹ̀rù bá ba wallaby yìí, ó lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja sábẹ́ igi kúkúrú, kó má mira. Ìyẹn kì í gba ọmọdé inú wọn lọ́wọ́ ológbò. Ní Avocet, igbó kan tí wọ́n ti ń dáàbò bo wọn ní Queensland, inú ọgbà ni wọ́n pa àwọn ọmọ mọ́ sí títí wọ́n fi ju kílò mẹ́ta lọ. Bi àwọn ọ̀gá rẹ bóyá ẹ ní irú rẹ̀.

Oúnjẹ: oníwóró kan náà tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, koríko lucerne àti omi, ní ìrọ̀lẹ́. Gbé e sí ibi mẹ́ta mẹ́rin kí àwọn àgbà má lé àwọn kékeré. Má dà á sílẹ̀ níbi tí ìgbẹ́ wọn wà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lè dégbò. Máa dín in kù bí o bá ti ń rí i pé wọ́n ń jẹ koríko igbó.

Aago mélòó ni wọ́n ní ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn? Bó bá jẹ́ ọ̀sán, kọ àtakò rẹ sínú ìwé kí ọjọ́ náà tó pé, kí o sì fi ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko pẹ̀lú.