Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, kí ẹ tó lọ bá ayàwòrán ilé

Arábìnrin wa, ẹ kú ìnáwó ilé kíkọ́, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ parí rẹ̀ láyọ̀. Mo ka ohun tí ẹ kọ dáadáa. Ẹ ní ẹ ti ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì kan ní Òwòròńṣókí, 60 ẹsẹ̀ bàtà níbùú, 60 lóòró, tí kò jìnnà sí ọ̀sà. Ẹ ní ẹ ti rí àwòrán pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rin kan tó wù yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé ìyá yín àgbà, tí orúnkún ń dà láàmú, yóò máa bá yín gbé ibẹ̀. Ẹ wá ń béèrè ibi tó yẹ kí fèrèsé àwọn yàrá kọjú sí kí ooru má baà pa yín, àti bóyá ó pọn dandan kí ẹ san owó fún ayàwòrán ilé nígbà tí àwòrán ti wà nílẹ̀. N ó dáhùn ọ̀rọ̀ fèrèsé. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́lé sí Bàrígà, létí ọ̀sà kan náà, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kò sì jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ láti orí fèrèsé.

Àwòrán tí wọ́n yà fún wa dára lórí ìwé. Ẹni tó yà á gba owó rẹ̀ pé. Ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ ni a tó mọ̀ pé ilé kan tó ti yà fún ẹlòmíràn lápá Ìkẹjà, níbi tí ilẹ̀ pupa líle wà, ni ó mú wá: ó yí orúkọ onílé padà, ó gbé géètì láti ọ̀tún sí òsì, ó lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ sí i. Ẹnjiníà tó ṣírò irin àti kọnkéré ilé náà kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí kó tó fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí mo bi í bóyá kò yẹ kí a yẹ ilẹ̀ náà wò ná, ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan lásán ni, pé àwọn tó ń kọ́ ilé gogoro ni wọ́n ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Ìpìlẹ̀ tó wà nínú àwòrán náà ni èyí tí gbogbo bíríkìlà mọ̀: kí a gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ lé ibi tí ògiri yóò gbà, kí a da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a wá to búlọ́ọ̀kù lé e. Lórí ilẹ̀ líle, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn agbẹ́lẹ̀ wa tó gbẹ́ ilẹ̀ dé ìbàdí, omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Wọ́n gbẹ́ síwájú díẹ̀, ohun tí ṣọ́bìrì ń gbé jáde kì í sì í ṣe yẹ̀pẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan: iyẹ̀ pákó ni. Ó ti dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, bí mo sì ṣe fún un, omi ń kán tótó láàárín ìka mi, títí ó fi ku ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan àti àjákù bàtà ọmọdé sí mi lọ́wọ́. Bàbá apẹja kan, ará Ìlàjẹ, tó ti ń gbé àdúgbò náà láti ìgbà èwe rẹ̀, ló wá sọ fún wa pé ibẹ̀ ni òun máa ń so ọkọ̀ òun mọ́ nígbà kan. Omi ni ibẹ̀ jẹ́. Pàǹtí àti iyẹ̀ pákó láti ibi ìlagi ni wọ́n fi dí i, tí wọ́n fi yanrìn díẹ̀ bò ó lójú kí wọ́n tó máa tà á.

A gba pọ́ǹpù wá. Bí a bá fa omi náà gbẹ di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, kòtò á ti kún padà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì ti ya wọ inú rẹ̀. Ẹnjiníà tí a pè lórí fóònù ní kí a sáà máa fà á, kí a máa da òkúta sí i, pé yóò gbà á. Ìgbà yẹn ni fẹ́ǹsì aládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa ni pé bí pọ́ǹpù bá ń fa omi nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, yanrìn wẹ́wẹ́ máa ń bá omi náà jáde, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé onílé á sì máa rì díẹ̀díẹ̀. Ìyá tó ni fẹ́ǹsì náà kò bá wa jà. Ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó jókòó, ó ń wo ibi tí ògiri rẹ̀ ti là. Ó sàn fún mi kó bú mi. A dá iṣẹ́ dúró, a fi àpò yanrìn ti ẹ̀gbẹ́ kòtò náà, a sì tún fẹ́ǹsì náà mọ fún un kí a tó pa dà sórí ti wa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé, tó fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri wa. Mo rò pé omi inú kòtò ló bá wá. Pátákó iwájú iṣẹ́ tí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ sí ló ní kò tóbi tó. Kò bojú wo inú kòtò, kò béèrè irú ilẹ̀ tí a ń kọ́lé lé, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Inú sì ń bí mi títí di òní, nítorí pé nínú gbogbo àwọn tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ wa, tí wọ́n lu òǹtẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ síwèé, kò sí ẹyọ kan tó béèrè ohun tí bàbá apẹja yẹn mọ̀ láìwo ìwé kankan.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà kan fún yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ yín wò. Wọn yóò lu ihò sísàlẹ̀ ní ibi mélòó kan, wọn yóò máa kó ilẹ̀ tó jáde ní ìpele kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, wọn yóò sì ti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan wọlẹ̀ láti mọ bí ilẹ̀ ṣe le tó bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀. Kí ìwé èsì náà sọ ibi tí omi wà, kí ó sọ ìwọ̀n ẹrù tí ilẹ̀ lè gbé ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ó sì dárúkọ irú ìpìlẹ̀ tó bá a mu. Bí ó bá jẹ́ oṣù kejì ni wọ́n ṣe é, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí omi náà yóò gòkè dé ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò Èkó bá pọ̀ jù. Ẹ dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi lu ihò tó kẹ́yìn, nítorí mo ti rí ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n kọ láìgbé irin wá sórí ilẹ̀ rárá.

Ẹnjiníà kejì tí a bá lọ ni ó gba ìwé àyẹ̀wò kó tó gba owó. Ó ní kí a kó gbogbo iyẹ̀ pákó náà kúrò, kí a da yanrìn mímọ́ sí i ní ìpele-ìpele, kí a máa fi ẹ̀rọ tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí a wá da ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ráàfù: pèpéle kọnkéré kan ṣoṣo tó tẹ́ lọ lábẹ́ gbogbo ilé, tí irin wà nínú rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹrù ilé lè tàn káàkiri dípò kí ó wúwo sí ojú kan. Ibòmíràn tó rọ̀ ju tiwa lọ, òpó ni wọ́n máa ń rì wọlẹ̀ títí yóò fi bá ilẹ̀ líle. Owó tí ráàfù náà gbà ni a tọ́jú fún òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítorí náà ìsàlẹ̀ nìkan ni a gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ má fi omi kànga ibẹ̀ po kọnkéré. Omi etí ọ̀sà máa ń ní iyọ̀, iyọ̀ a máa jẹ irin nínú kọnkéré, irin tó bá ti dípẹtà á wú, á sì fọ́ kọnkéré láti inú wá. Ẹ ra omi tánkà tó dára. Kí kọnkéré tó bo irin ìpìlẹ̀ nípọn tó 50 mílímítà, ó kéré tán, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i pé wọ́n fi nǹkan gbé irin náà sókè kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré.

Ẹ gbé ilẹ̀ inú ilé sókè ju ojú títì lọ dáadáa, kì í ṣe ìwọ̀n àtẹ̀gùn kan. Ní Èkó, ìgbàkigbà tí wọ́n bá tún ọ̀nà ṣe, orí èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n máa ń da òmíràn lé, ilé tó ga ju títì lọ lónìí á sì di ilé tí omi ń ṣàn wọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ yí Sómólú àti Bàrígà ká, ẹ óò rí ilé tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wọ̀.

Ní ti ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ara ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni sọ́fè, ìyẹn ìwé ìwọ̀n ilẹ̀, ìwé ilẹ̀, àti àwòrán tí àwọn tó yẹ fọwọ́ sí. Ẹ sì wádìí bí ilé gbọ́dọ̀ ṣe jìnnà sí gọ́tà ńlá àti sí ọ̀sà, nítorí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì lè kéré jù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ìyẹn. Bákan náà, sókáwéè, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé máa ń gbà rì wọlẹ̀, kì í fa omi níbi tí ilẹ̀ ti kún fún omi. Ẹ ṣe tánkì tí kò jò, tí ọkọ̀ yóò máa wá gbé ìdọ̀tí inú rẹ̀, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ náà láti dé ibẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé kí ẹ fi àjà kan kún un láìbi ẹnjiníà, ẹ má gbà. Ẹ rántí ohun tí ilé tó bá wó ń ṣe: èyí tó wó ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó, ní oṣù kẹta ọdún 2019, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀.

Ó ku fèrèsé. Oòrùn Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń dúró sí àárín orí lọ́sàn-án, nítorí náà òrùlé àti ògiri ìwọ̀ oòrùn ni ooru ti ń wọlé jù. Ògiri ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn máa ń na láti aago mẹ́ta títí di ìrọ̀lẹ́, ó tẹ́ sílẹ̀ débi pé ìbòrí orí fèrèsé kò lè dí i tán, búlọ́ọ̀kù yóò sì máa tu ooru náà sí yàrá ní òru nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Apá ibẹ̀ ni kí ẹ kó àtẹ̀gùn, balùwẹ̀ àti yàrá ìkẹ́rùsí sí. Afẹ́fẹ́ tí ń tù wá lára máa ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá, láti orí òkun, ní ìgbà tó pọ̀ jù nínú ọdún. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé ńlá àwọn yàrá kọjú sí gúúsù, kí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní fèrèsé kejì ní ìhà àríwá tàbí ihò lókè ilẹ̀kùn, nítorí afẹ́fẹ́ kì í wọ ibi tí kò lè gbà jáde. Ti àríwá yẹn gbọ́dọ̀ lè pa dé pinpin, ọ̀nà ibẹ̀ ni eruku ọyẹ́ ń bá wọlé. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ìhà àríwá ìlà oòrùn ni kí ilé ìdáná àti jẹnẹrétọ̀ wà, kí èéfín má baà gba yàrá ìyá yín kọjá.

Ẹ má gba fèrèsé gíláàsì tí ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀, ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń ṣí. Èyí tí ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ni kí ẹ ṣe. Kí òrùlé yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yí ilé ká. Mo mọ̀ pé àwòrán tí ẹ rí lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi ògiri bo òrùlé mọ́lẹ̀, tó dà bí àpótí; gbogbo Èkó ti kún fún un báyìí. Òjò á dúró sí kọ̀rọ̀ rẹ̀, ewé á dí ojú omi rẹ̀, á sì jò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ń ṣíji bo ògiri àti fèrèsé. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì dé mọ èyí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: ẹ lọ wo ìwọ̀nba ilé wọn tó kù ní Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, ẹ wo bí àjà wọn ṣe ga, bí fèrèsé onípákó wọn ṣe ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé kí oòrùn sì wà níta.

Yàrá ìyá yín gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú balùwẹ̀ tirẹ̀ tí kò ní ìdènà lẹ́nu ọ̀nà, kí ó sì ní fèrèsé tó ti lè rí ẹni tó ń wọ géètì.

Nípa ayàwòrán, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ san owó náà, ṣùgbọ́n ẹ pín in. Ẹ fún un ní díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti wá sórí ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ní òwúrọ̀ àti lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, tó sì ti ka ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀. Ẹ fún un ní èyí tó pọ̀ jù nígbà tí àwòrán bá parí. Kí ẹ sì di ìyókù mú títí òun àti ẹnjiníà yóò fi dúró sẹ́nu kòtò ìpìlẹ̀ tí ẹ gbẹ́, tí wọn yóò wo inú rẹ̀, tí wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí àwọn rí bá ohun tí àwọn yà mu.