Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Báwo ni Dókítà Ṣe Ń Mọ̀ Pé Àlẹ́jì Ni Kí Èsì Àyẹ̀wò Tó Dé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí àbúrò mi obìnrin lo oògùn penicillin ni gbogbo ara rẹ̀ ṣàdédé lé, tó sì ń yún un. Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi há, tó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí a gbé e dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, dókítà gún un ní abẹ́rẹ́ ní itan láì dúró ṣe àyẹ̀wò kankan. Ẹ̀yìn ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, èsì náà sì sọ pé kò sí ohun tó ju bó ti yẹ lọ. Ṣé kì í ṣe àlẹ́jì ló ṣe é ni?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ àlẹ́jì, ohun tí dókítà náà sì ṣe tọ̀nà. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí èsì rẹ̀ lè tètè dé tó láti ran dókítà lọ́wọ́ nígbà tí aláìsàn ń wá èémí lójú rẹ̀. Ojú, etí, ọwọ́ àti ìbéèrè ni dókítà fi ń dá àlẹ́jì líle tí wọ́n ń pè ní anaphylaxis mọ̀. Ó ń wò bóyá ara lé, bóyá ètè, ahọ́n tàbí ìpéǹpéjú wú. Ó ń tẹ́tí sí ohùn bóyá ó ti há, ó ń gbọ́ ìró inú àyà, ó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Bó ṣe ń ṣe gbogbo èyí ni yóò máa bi ẹ̀yin tí ẹ gbé aláìsàn wá pé kí ló jẹ tàbí kí ló lò, nígbà wo, àti pé ìgbà wo ni àmì àkọ́kọ́ yọ. Ìbéèrè nípa àsìkò yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì ni àlẹ́jì líle sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìlànà tí World Allergy Organization, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àlẹ́jì lágbàáyé, gbé jáde ní ọdún 2020 là á sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé kí ara lé, kó pọ́n tàbí kó wú lójijì, kí ìṣòro èémí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀, tàbí inú rírun àti èébì tó le sì tẹ̀ lé e. Èkejì ni pé kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ tàbí kí ọ̀nà èémí dí lẹ́yìn tí ènìyàn fara kan ohun tí a mọ̀, tàbí tí a fura sí gidigidi, pé ara rẹ̀ kò gbà, kódà bí ara kò bá lé rárá. Ọ̀nà kìíní ni ti àbúrò yín bọ́ sí. Bí dókítà bá ti rí irú èyí, adrenaline, abẹ́rẹ́ tó ń ṣí ọ̀nà èémí tó sì ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, ló kàn, ìwọ̀n 0.01 mg fún kílò kan ara aláìsàn, tí kò gbọdọ̀ ju 0.5 mg lọ, sínú iṣan itan. Wọ́n lè tún un gún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 bí kò bá tíì rọlẹ̀. Oògùn tó ń dá ara yíyún dúró kò lè ṣí ọ̀fun tó ti ń dí, ó sì máa ń dùn mí láti rí àwọn ilé tí wọ́n ti fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ jáfara.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà, ó jọ pé tryptase ni wọ́n ń wá, ìyẹn èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan máa ń tú jáde nígbà tí àlẹ́jì bá bẹ́ sílẹ̀. Àsìkò tí wọ́n gbà á ló máa ń ba èsì rẹ̀ jẹ́. Ó yẹ kí wọ́n gbà á ní kété tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún gbà á láàárín wákàtí 1 sí 2 tí àmì bẹ̀rẹ̀, kó má sì kọjá wákàtí 4, kí wọ́n sì tún gba òmíràn nígbà tí ara bá ti padà sípò, ó kéré tán wákàtí 24 lẹ́yìn náà. Wọn yóò wá fi wọ́n wéra: wọn yóò sọ iye ìgbà àlàáfíà di ìlọ́po 1.2, wọn yóò sì fi 2 kún un; bí iye ìgbà àìsàn bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rí àlẹ́jì nìyẹn, kódà bí iye náà kò bá ga lójú ẹni tó kàn wo ẹyọ kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹ béèrè aago tí wọ́n gba ti àbúrò yín, àti bóyá wọ́n ti gba èkejì. Àlẹ́jì tó ti ara oúnjẹ wá tilẹ̀ lè wà láìjẹ́ pé tryptase gòkè rárá.

ÌBÉÈRÈ: Oyin ta bàbá mi, wọ́n sì ṣubú lulẹ̀. Ara wọn kò lé, kò sì yún wọn, síbẹ̀ dókítà ní àlẹ́jì ni. Ṣé kò lè jẹ́ ìdákú lásán?

ÌDÁHÙN: Nínú ẹni 10 tí àlẹ́jì líle bá dé bá, ẹnì kan tàbí méjì lè wà tí kò ní àmì kankan ní awọ ara, àwọn gan-an sì ni wọ́n sábà máa ń pẹ́ gba ìtọ́jú. Ẹni tó kàn dákú nítorí ẹ̀rù máa ń funfun lójú, ọkàn rẹ̀ máa ń lù díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń padà sípò láìpẹ́ bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Nínú àlẹ́jì, ọkàn sábà máa ń sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tòkè àgbàlagbà sì lè wá sí ìsàlẹ̀ 90. Ẹ jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sùn sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e dìde lójijì, nítorí pé àwọn kan ti tibẹ̀ kú.

Àwọn àìsàn mìíràn wà tó jọ àlẹ́jì líle. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril lè mú kí ahọ́n wú láìsí ara yíyún, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ènìyàn ti ń lò ó, adrenaline kì í sì í sábà ràn án. Ẹja tí wọn kò tọ́jú dáadáa náà lè mú kí ojú àwọn tó jọ jẹ ẹ́ pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Histamine, èròjà tí ara náà máa ń tú jáde nígbà àlẹ́jì, tó ti wà nínú ẹja ló fà á. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń béèrè gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò, àti bóyá ẹlòmíràn ń ṣàìsàn.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí wọ́n fi dá wa dúró di ọjọ́ kejì nígbà tí ara ti yá?

ÌDÁHÙN: Nítorí pé àlẹ́jì líle lè padà wá láìsí pé ènìyàn tún fara kan ohunkóhun. Ẹni tó gba ju abẹ́rẹ́ adrenaline kan lọ, tàbí tí ikọ́ fée ń bá jà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n máa ń ṣọ́ pẹ́ jù. Bí wọ́n bá wá ní kí ẹ padà wá fún àyẹ̀wò orí awọ ara, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, torí pé ní kété lẹ́yìn ìkọlù, èsì rẹ̀ lè parọ́ pé kò sí nǹkan. Ẹ sì bi wọ́n léèrè ọjọ́ tó yẹ kí ẹ ti dá oògùn ara yíyún dúró ṣáájú, nítorí pé òun náà lè bo èsì mọ́lẹ̀.