Àwọn ọ̀bọ igbó Ọ̀ṣun ń wọ ọgbà wa, kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè: Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ilé wa wà. Àwọn ọ̀bọ máa ń ti inú igbó wá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé wa. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti rí wa ni wọ́n ń sá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ọmọ mi. Ìyá ọkọ mi ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ wọ́n lókò, àwọn fúnra wọn a sì máa ju àkàrà sí wọn nígbà mìíràn. Ṣé ebi ló ń lé wọn jáde?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Bí eyín tàbí èékánná ọ̀bọ bá bó o, ẹ gbé e lọ sí ọsíbítù lónìí, kí ẹ sì bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn dìgbòlugi. Ẹ má sọ pé ó ti pẹ́ jù. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15.

Ebi nìkan kọ́. Bí àmì funfun méjì bá wà ní ìbàdí ọ̀bọ tí ẹ ń rí, ọ̀kan lọ́tùn-ún ìrù, ọ̀kan lósì, mona ni wọ́n ń pè é. Èso ni olórí oúnjẹ rẹ̀, ó sì lápò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó lè kó oúnjẹ sí kó tó sá lọ. Agbo kọ̀ọ̀kan ní àyíká tó ń jẹ̀ kiri. Igbó Ọ̀ṣun kò ju nǹkan bíi héktà 75 lọ, ilé sì ti ń gba ilẹ̀ ìgboro Òṣogbo, pàápàá láti 1991 tó ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀. Lójú ọ̀bọ, ẹ̀yìnkùlé yín wà lára ibi tó ti ń wá oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n àwa èèyàn la kọ́ ọ ní jíjá búrẹ́dì gbà. Ohun tí ẹranko bá ṣe tó sì jèrè níbẹ̀, yóò tún un ṣe. Ó kọ́kọ́ rí i pé a kì í pa òun lára, ìbẹ̀rù bá lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ fún un ní bisikíìtì, màmá fún un ní àkàrà, ó wá mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn loúnjẹ wà. “Nígbà mìíràn” tí ẹ kọ yẹn ló léwu jù. Ẹranko tó ń rí oúnjẹ gbà lójoojúmọ́ tètè ń mọ̀ bí ó bá ti dópin. Èyí tó ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ní yéé wá, torí ó ti mọ́ ọn lára pé bí kò sí lónìí, ó lè wà lọ́la.

Màmá tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ òkò. Èèwọ̀ ọdẹ inú igbó náà ló jẹ́ kí ọ̀bọ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ló sì ń gbé kóró èso lọ síbi tí igi tuntun yóò ti hù. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún màmá pé ọ̀bọ tó bá bu èèyàn jẹ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ka èèwọ̀ sí, tí yóò pa á. Àkàrà yẹn lè kó bá a.

Kí gbogbo ilé dáwọ́ fífún ọ̀bọ lóúnjẹ dúró lọ́jọ́ kan náà. Níbẹ̀rẹ̀, ìyọlẹ́nu wọn yóò le sí i, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́. Bí ẹ bá fún wọn ní ohunkóhun lásìkò yẹn, ẹ ti kọ́ wọn pé ó yẹ kí wọ́n yọni lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó bá ti gbó, kó pọ́n sínú ilé. Ẹ dé ààtàn. Ìró ìkòkò wúlò, àmọ́ bí ẹ bá ń lù ú ṣáá, etí wọn yóò di sí i. Ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kan nǹkan nìkan ni kí ẹ lù ú.

Ẹ kọ́ ọmọ pé kó má jẹun níta tí wọ́n bá wà nítòsí. Kó má wò wọ́n lójú, kó má sì yọ eyín sí wọn, ìpèníjà ni lọ́dọ̀ ọ̀bọ. Bí ọ̀kan bá sún mọ́ ọn, kó ju oúnjẹ náà sílẹ̀, kó máa fi ẹ̀yìn rìn kúrò. Bí ọ̀bọ kan náà bá tún kọ lu èèyàn, ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó igbó náà, kí ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀ àti àkókò tó máa ń wá.