Ṣé Ríìngì Nìkan Ló Yẹ Kí N Pààrọ̀ Nínú Máṣìn AX100 Bàbá Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mẹkáníìkì. Bàbá mi fi máṣìn Suzuki AX100 kan sílẹ̀ fún mi, èyí tí wọ́n ti ń gùn láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbóná, kò lè gun òkè mọ́. Kíkì rẹ̀ fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú ẹ́ńjìnnì, ó sì ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lókè. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n ra ríìngì tuntun. Ẹlòmíràn ní àfi kí a gbẹ́ bulọ́ọ̀kù. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Òǹkàwé yín láti Ìsẹ́yìn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn, kò sí èyí tí mo lè sọ pé ó jẹ̀bi, nítorí kò sí èyí tó tíì wọn bulọ́ọ̀kù náà nínú wọn. Bulọ́ọ̀kù ni ilé tí písítìn ti ń lọ sókè sódò, ríìngì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí písítìn ká, gbígbẹ́ bulọ́ọ̀kù sì ni fífẹ inú rẹ̀ kí písítìn tó tóbi díẹ̀ lè wọ̀ ọ́. Iye tí bulọ́ọ̀kù ti jẹ ló ń sọ bóyá ríìngì nìkan yóò tó, ojú lásán kò sì lè rí i, torí pé ohun tí a ń wá kò nípọn tó irun orí.

Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì kankan, ẹ kọ́kọ́ yọ sàlẹ́ńsà wò. Ẹ́ńjìnnì two-stroke bíi ti AX100 máa ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù, èédú ọ́ìlì yẹn á sì máa dì mọ́ ihò èéfín àti mọ́ páìpù kékeré inú ìdí sàlẹ́ńsà, títí èéfín kò fi ní rí ọ̀nà jáde dáadáa mọ́. Máṣìn tó bá rí bẹ́ẹ̀ kì í lè gun òkè, ẹni tí kò bá sì mọ̀ á sọ pé ríìngì ni. Ẹ ha èédú náà kúrò. Lẹ́yìn náà, kí mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì, kí ó ki gééjì kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n (ohun tó ń wọn agbára tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) bọ ihò rẹ̀, kí ó yí ọwọ́ iná dé òpin, kí ó sì ta kíkì ní ìgbà mẹ́fà tàbí méje. Nínú iṣẹ́ tèmi, AX100 tí òkè rẹ̀ ṣì le máa ń kọjá psi 110; bí ó bá wà lábẹ́ 90, mo máa ń tú u. Pẹ̀lú bí kíkì yín ṣe fúyẹ́ yẹn, mo rò pé ẹ óò tú u.

Bí ọmọrí àti bulọ́ọ̀kù bá ti kúrò, ẹ fi àkísà tó mọ́ di ẹnu ilé kíráǹkì kí ẹ tó fọwọ́ kan lọ́ọ̀kì tó di pínì písítìn mú, nítorí lọ́ọ̀kì kan tó bá ta sínú ibẹ̀ lè sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wá gbé písítìn síta sínú oòrùn, kí ẹ sì máa yí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí ọgbẹ́ gbọọrọ ní ìhà ihò èéfín nìkan, ọ́ìlì ni kò tó, tàbí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ ju epo lọ. Bí ọgbẹ́ bá wà ní igun mẹ́rin yíká, písítìn ló wú ju ààyè rẹ̀ lọ nígbà tó gbóná, bóyá nítorí pé wọ́n gbẹ́ bulọ́ọ̀kù há jù, tàbí pé wọ́n tẹ iná kí ara rẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí àwọ̀ dúdú bá sì ti ṣàn kọjá ríìngì wá sísàlẹ̀, iná inú ẹ́ńjìnnì ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì sálọ, ibẹ̀ gan-an sì ni agbára máṣìn yín gbà lọ.

Ìwọ̀n ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Inú bulọ́ọ̀kù AX100 fẹ̀ ní mílímítà 50 nígbà tó jẹ́ tuntun. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí wọ́n sì wọn ibi kọ̀ọ̀kan láti iwájú sẹ́yìn àti láti ọ̀tún sí òsì, nítorí pé kì í jẹ dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀n tó tóbi jù àti èyí tó kéré jù bá ju mílímítà 0.05 lọ, èmi kì í fi ríìngì tuntun sí i. Mo máa ń ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ ni. Bí kò bá sí ohun ìwọ̀n inú nítòsí, ọgbọ́n kan wà tí fíílà gééjì (àwọn irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) lè ṣe. Ẹ ti ríìngì tuntun kan ṣoṣo sínú bulọ́ọ̀kù, kí ẹ fi orí písítìn tì í kí ó lè dọ́gba, kí ẹ sì wọn ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kí ẹnu náà wà láàárín mílímítà 0.15 sí 0.35. Ẹ wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀ níbi tí bulọ́ọ̀kù kò ti jẹ, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lókè: gbogbo 0.1 tí bulọ́ọ̀kù bá fi fẹ̀ sí i, ẹnu ríìngì á fi nǹkan bíi 0.3 là sí i, nítorí náà kò lè fi ara pamọ́ fún yín. Bí òkè bá fi 0.2 là ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Bí ó bá di gbígbẹ́, ẹ ra písítìn ofasáìsì ná, kí ẹ tó gbé bulọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ oníléètì (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin), kí ẹ sì kó méjèèjì fún un pọ̀. Ti Suzuki sábà máa ń fi mílímítà 0.50 tàbí 1.00 tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, a sì máa ń tẹ̀ ẹ́ sí orí písítìn. Ṣùgbọ́n ohun tí a tẹ̀ síbẹ̀ kò tó gbé iṣẹ́ lé, pàápàá pẹ̀lú àwọn ayédèrú tó kún ọjà. Maikirómítà ni kí oníléètì fi wọn písítìn náà fúnra rẹ̀, ní apá ìdí, ní ọ̀nà tó dábùú pínì, nítorí pé orí písítìn tín-ín-rín ju ìdí rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n yẹn ni yóò gbẹ́ bulọ́ọ̀kù lé, kí ó sì fi àlàfo tí ìwé ẹni tó ṣe písítìn náà sọ sílẹ̀, èyí tí kì í jìnnà sí mílímítà 0.04 tàbí 0.05 fún irú ẹ́ńjìnnì yìí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní fáàfù lókè bíi ti four-stroke. Àwọn ihò tó wà lára ògiri bulọ́ọ̀kù ni epo ń gbà wọlé tí èéfín ń gbà jáde, ríìngì sì ń kọjá lórí wọn lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ bulọ́ọ̀kù tán, ẹnu àwọn ihò wọ̀nyẹn máa ń mú bí abẹ. Wọ́n gbé máṣìn kan wá fún mi nígbà kan, tí wọ́n gbẹ́ níbòmíràn láìpa mímú ẹnu ihò rẹ̀. Kò lo ọjọ́ méjì tí ríìngì fi kọ́ ihò èéfín, tó ṣẹ́, tó sì fa gbogbo ògiri náà ya. Àánú ẹni tó ni ín ṣe mí, torí gbogbo owó rẹ̀ ló ṣòfò. Ẹ fi ìka tọ́ ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó sanwó.

Ariwo kẹ̀kẹ̀kẹ̀ yẹn lè jẹ́ ti písítìn tó ti jẹ, ó sì lè jẹ́ ti bẹ́ríǹgì oníabẹ́rẹ́ tó gbé pínì. Ẹ pààrọ̀ bẹ́ríǹgì náà láìbéèrè. Ẹ di kọ́nìrọ́ọ̀dù (irin tó so písítìn mọ́ kíráǹkì) mú, kí ẹ fà á sókè sódò: kò gbọdọ̀ mì rárá. Bí ẹ bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí rẹ̀ lè mì díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ju mílímítà 3 lọ, kíráǹkì ti fẹ́ iṣẹ́, kò sì dára kí ẹ kó òkè tuntun lé e lórí. Ẹ wo ọ́ìlì síìlì (rọ́bà tó ń dí ẹ̀gbẹ́ kíráǹkì) ìhà mágínẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá ń gba ibẹ̀ wọlé ló ń sọ epo di fífúyẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń nọ́kì. Ti ìhà kejì, bí ó bá bàjẹ́, ọ́ìlì jíà ni ẹ́ńjìnnì á máa fà jó, èéfín á sì pọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ bulọ́ọ̀kù, kì í ṣe epo bẹntiróòlù, títí aṣọ funfun tí ẹ fi nu inú rẹ̀ kò fi ní dọ̀tí mọ́. Kí ẹ sì fi ọ́ìlì ra á lójú ẹsẹ̀ kí ó má baà dógùn-ún. Àmì ọfà orí písítìn gbọ́dọ̀ kọjú sí ihò èéfín. Ẹnu ríìngì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ìṣó kékeré inú ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́ra. Ẹ má lo lọ́ọ̀kì pínì àtijọ́. Nọ́ọ̀tì ọmọrí, ẹ dè é ní ìdábùú ara wọn, díẹ̀díẹ̀, ní ìgbà mẹ́ta.

Fún kìlómítà 500 àkọ́kọ́, ẹ má kọjá ìdajì ọwọ́ iná, ẹ má sì gbé ẹrù wúwo. Bí wọ́n bá ti yọ pọ́ǹpù ọ́ìlì rẹ̀, ọ́ìlì two-stroke mílílítà 40 ni kí ẹ máa po mọ́ lítà epo kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá, ẹ tún nọ́ọ̀tì ọmọrí dè. Bí ẹ bá sì ti gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò: bí àwọ̀ rẹ̀ bá dà bí kóró kòkó gbígbẹ, ó ti bọ́ sí i, bí ó bá funfun, ẹ dúró, kí ẹ padà sí ọ́ìlì síìlì àti kabúrétọ̀ kí ẹ tó tún gùn ún.