Dátà ń falẹ̀ láàárín sáìtì méjì, ṣé kí n tan write acceleration?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sáìtì méjì la ní, 100 kìlómítà ló wà láàárín wọn, fíbà tààrà 8 Gbps ló so swíìṣì SAN wa (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó so sáfà mọ́ sítórééjì) pọ̀. Tí sáfà bá ń kọ dátà sí sítórééjì tó wà lápá kejì ó máa ń falẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ líǹkì ò kún dé ìdajì rárá. Wọ́n ní kí n tan write acceleration, ètò inú swíìṣì tó ń mú kí ìkọ dátà yá. Ṣé òun náà ni? Flow mélòó ló lè gbé?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè kó o tó fọwọ́ kàn án. Tí líǹkì ò bá kún tí iṣẹ́ sì ń falẹ̀, ọ̀nà tó jìn ló ń dà ẹ́ láàmú. Ìmọ́lẹ̀ inú fíbà ń lo bíi microsecond 5 lórí kìlómítà kan, torí náà àlọ àtàbọ̀ rẹ jẹ́ millisecond 1. Kò burú, àmọ́ SCSI, èdè tí sáfà fi ń bá sítórééjì sọ̀rọ̀, kì í kọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà: sáfà á kọ́kọ́ ní “mo fẹ́ kọ nǹkan o”, á dúró, sítórééjì á dá a lóhùn pé “ó yá, gbé e wá”, èyí tí wọ́n ń pè ní XFER_RDY, ìgbà yẹn ni dátà tó máa gbéra, kí “ó ti wọlé” tó padà wá. Àlọ àtàbọ̀ méjì nìyẹn, millisecond 2. Áàpù tó bá ń dúró de èsì ọ̀kan kó tó kọ òmíì ò lè kọ ju 500 lọ láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, kódà kó o ra líǹkì tó fẹ̀ jù yẹn lọ nílọ̀ọ́po mẹ́wàá.

Ohun tí acceleration ń ṣe ni pé swíìṣì ẹ̀gbẹ́ sáfà á ti sọ “gbé e wá” lórúkọ sítórééjì, dátà á gbéra lójú ẹsẹ̀, 500 yẹn lè wá di 1,000. Kì í fọwọ́ kan èsì ìkẹyìn o, sítórééjì gan-an ló ń sọ pé “ó ti wọlé”, ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ sí i. Ti téèpù ò rí bẹ́ẹ̀, swíìṣì ló ń sọ “ó ti wọlé” kí téèpù tó rí dátà, nítorí náà má kàn tan àwọn méjèèjì pọ̀ torí pé wọ́n jọra. Ìhà méjèèjì ni kó o ti tan án o, ẹyọ kan ò lè dá a ṣe.

Àmọ́ kọ́kọ́ wo buffer credit ná, jọ̀ọ́, ìyẹn iye frame (ìdì dátà kékeré) tí pọ́ọ̀tù lè fi ránṣẹ́ kó tó gbọ́ pé àyè wà fún òmíì. Tí frame bá kún dáadáa, 8 Gbps ń fẹ́ bíi credit 4 lórí kìlómítà kan, tìẹ á jẹ́ 400, frame kéékèèké sì máa ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí pọ́ọ̀tù kan lórí irú ọ̀nà yìí tó ní 40 péré, ìdá kan nínú mẹ́wàá líǹkì ló ń lò, gbogbo èèyàn ń bú sítórééjì. Wo counter tó ń ka iye ìgbà tí credit tán, tó bá ń gòkè, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Flow wá ńkọ́? Pọ́ọ̀tù sáfà kan àti pọ́ọ̀tù sítórééjì kan tó jọ ń sọ̀rọ̀ ni flow kan. Sáfà 20 tó ní pọ́ọ̀tù méjì méjì, tó o so gbogbo wọn mọ́ pọ́ọ̀tù sítórééjì 8, ti di flow 320 nìyẹn, tó o bá sì so pọ́ọ̀tù sáfà kọ̀ọ̀kan mọ́ méjì péré, 80 ni. Inú zone, ìyẹn ìlànà swíìṣì tó ń sọ pọ́ọ̀tù tó lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, lo ti máa dín iye yẹn kù, kì í ṣe inú acceleration. Iye tí engine rẹ (ẹ̀rọ inú swíìṣì tó ń ṣe acceleration) lè gbé wà nínú tábìlì scalability (tábìlì òkè iye tí swíìṣì lè gbé) tó bá ẹ̀yà sọ́fíwíà rẹ mu, má lo ti ẹ̀yà míì, tí swíìṣì inú cluster (àwọn swíìṣì tó jọ ń ṣe acceleration náà) ò bá sì dọ́gba, èyí tó kéré jù ni kó o fi ṣírò. Tó o bá ní engine méjì, má jẹ́ kí ẹrù ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá ìdajì, torí tí ọ̀kan bá kú, èkejì ló máa gbé gbogbo ẹrù. Tó bá jẹ́ replication (àdàkọ dátà) láti sítórééjì sí sítórééjì ni, béèrè bóyá sítórééjì fúnra ẹ̀ ti ní ọ̀nà tó ń fi àlọ àtàbọ̀ ẹyọ kan kọ dátà, tó bá ní, acceleration ti swíìṣì ò ní fi nǹkan kún un.